Oorun Ìkókó àti Aago Iṣẹ́: Láti Agbo Ilé dé Garki

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà kò ní fojú ba oorun. Ẹni tó ń yọ ẹlòmíràn lẹ́nu ni a sábà máa ń pa òwe yìí fún, ṣùgbọ́n nínú ilé abiyamọ, ọ̀rọ̀ gidi ni. Bí ìkókó yóò ṣe máa sùn, tí yóò máa jí, tí yóò sì máa mu ọmú lọ́sàn-án àti lóru ní ìtàn tirẹ̀. Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ nínú agbo ilé, ó kan òkè òkun, ó sì ti dé Garki ní Àbújá, níbi tí ọ̀pọ̀ abiyamọ ti ń jí lọ sí ọ́fíìsì.

Ní ayé àtijọ́, kò sí aago lára ògiri, síbẹ̀ ọjọ́ ìkókó kò ṣàìní ètò. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ìyá àgbà yóò gbé omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ kalẹ̀, yóò jókòó sórí àpótí, yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì, yóò sì tẹ́ ọmọ lé wọn. Kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú ni yóò fi wẹ̀ ẹ́. Yóò na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò sì fi òrí tàbí àdí pa á lára. Lẹ́yìn èyí, ọmọ yóò mu ọmú, yóò sì sùn fọnfọn. Lọ́sàn-án, ẹ̀yìn ìyá ni ibùsùn rẹ̀. Bí ìyá ń gún iyán, bí ó ń lọ sí ọjà, ọmọ wà nínú ọ̀já, ó ń gbọ́ ohùn ènìyàn, ìmọ́lẹ̀ sì ń tàn sí i lójú. Bí oòrùn bá wọ̀, wọn a tún wẹ̀ ẹ́, ariwo ilé a rọlẹ̀, ilẹ̀ a ṣú, ọmọ a sì sùn ti ìyá rẹ̀. Ìgbàkígbà tí ó bá ké ni ó ń rí ọmú. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló gbé ètò yìí ró, nítorí ẹnìkan ló ń bí ọmọ, igba ènìyàn ló ń wò ó.

Ọ̀nà mìíràn ni àwọn òyìnbó gbà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Ní ilẹ̀ New Zealand, dókítà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Truby King dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1907, èyí tí a wá mọ̀ sí Plunket, láti máa kọ́ àwọn ìyá ní ìtọ́jú ọmọ. Ó kọ́ wọn pé ọmú ìyá dára, pé ìmọ́tótó ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ó tún pàṣẹ pé wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ni kí a máa fún ọmọ ní ọmú, kí a má sì fún un lóru. Ẹ̀kọ́ yìí dé London, ó sì tàn ká láàárín àwọn nọ́ọ̀sì. Bẹ́ẹ̀ ni aago ṣe gba ipò ẹkún ọmọ. Ó di 1946, nígbà tí Dókítà Benjamin Spock ti Amẹ́ríkà tẹ ìwé rẹ̀ jáde, kí ọ̀pọ̀ òbí níbẹ̀ tó gbọ́ pé kí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé òye ara wọn.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà fi ọ̀nà tó sàn jù hàn. Dókítà David Morley dé síbẹ̀ ní 1956, ó sì ṣètò ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú káàdì, ìyá sì ń mú káàdì náà lọ sí ilé. Bí ọmọ ṣe ń wúwo sí i láti oṣù dé oṣù ni káàdì náà ń fi hàn, kì í ṣe iye wákàtí tí ó fi sùn.

Garki ní tirẹ̀, abúlé àwọn Gbagyi ni kí òfin 1976 tó dá olú-ìlú tuntun sílẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991, ìjọba àpapọ̀ kó kúrò ní Èkó, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ Yorùbá sì bá a lọ. Agbo ilé kò bá wọn lọ. Ìyá àgbà lè ti Èkìtì tàbí Ọ̀ṣun wá wẹ ọmọ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n yóò padà sílé. Ìlànà Iṣẹ́ Ìjọba ti 2008 fún abiyamọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 16 pẹ̀lú owó oṣù, ó sì yọ̀ǹda wákàtí 2 lóòjọ́ fún un láti tọ́jú ọmọ lẹ́yìn tí ó bá padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìlànà dáradára ni. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ 16 kò pé oṣù 4, bẹ́ẹ̀ oṣù 6 ni àjọ ìlera àgbáyé ní kí ọmọ fi mu ọmú nìkan. Bí ọmọ bá sì wà ní Nyanya tàbí Kubwa nígbà tí ìyá wà ní Garki, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ lè gbé wákàtí 2 náà mì kí ọmọ tó fẹnu kan ọmú. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń fẹ́ fi agbára mú ìkókó bá aago ìjọba mu.

Ara ìkókó kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 3 a máa sùn tó wákàtí 14 sí 17 lóòjọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, nítorí ara rẹ̀ kò tíì mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Ìmọ́lẹ̀ àti ohùn ènìyàn lọ́sàn-án, òkùnkùn àti ìdákẹ́jẹ́ lóru, ni ń kọ́ ọ. Ohun tí ìyá àgbà ń ṣe láìní aago gan-an nìyí. Àmọ́ a kò gbọdọ̀ kó èlùbọ́ pọ̀ mọ́ yanrìn. Rírọ ọmọ ní omi àti àgbo kò yẹ kí ó bá wa dé òní, nítorí ó lè gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń gba àyè ọmú. Bákan náà, bí a bá tẹ́ ọmọ sùn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ó fi lélẹ̀. Láti 1991 tí wọ́n ti ń kéde èyí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ikú òjijì àwọn ìkókó lójú oorun ti dínkù gidigidi níbẹ̀.

Nítorí náà, ètò ṣeé ṣe ní Garki láìfi ìyà jẹ ọmọ: kí ìwẹ̀, ọmú, ìṣeré àti oorun máa tẹ̀lé ara wọn bákan náà lójoojúmọ́, ìbáà yá, ìbáà pẹ́. Ọwọ́ púpọ̀ ni ó ṣòro láti rí. Bí bàbá bá ń wẹ ọmọ nírọ̀lẹ́, tí ọ́fíìsì sì yọ̀ǹda yàrá kan tí ìkókó lè wà nítòsí ìyá rẹ̀, wákàtí 2 náà yóò di ti ọmọ ní tòótọ́. Ìgbà náà ni ọmọ yóò sùn, tí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú yóò fojú ba oorun.