Ìtàn Títọpasẹ̀ Kòkòrò Àrùn tí Apá Oògùn Kò Ká Mọ́ ní Ilé-Ìwòsàn

Ìfáárà
Ọdún 1907 ni Dókítà George Green dé Ògbómọ̀ṣọ́ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn Ìjọ Onítẹ̀bọmi. Iṣẹ́ yìí ni ó di Ilé-Ìwòsàn Ìkọ́ni Yunifásítì Bowen ní 2009. Nígbà tí Green dé, kò tíì sí pẹnisílíìnì. 1928 ni Alexander Fleming ṣàwárí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí Fleming gba ẹ̀bùn Nobel ní 1945, ó kìlọ̀ pé bí a bá ń lo oògùn náà ní ìwọ̀n tí kò tó, apá rẹ̀ kò ní ká kòkòrò mọ́. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé iṣẹ́ òpìtàn ni títọpasẹ̀ irú kòkòrò bẹ́ẹ̀: ibi tí kò bá ti sí àkọsílẹ̀, a kò lè mọ orísun àrùn.

Ẹ̀rí láti Ilé-Ifẹ̀
Ní ọdún 2000, Okeke, Fayinka àti Lamikanra tẹ àbájáde ìwádìí jáde lórí Escherichia coli 758 tí wọ́n gbà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàárín 1986 sí 1998. Fún oògùn mẹ́rin, lára wọn tẹtirasáíkílìn àti ampisílíìnì, ìdá 9 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò gbọ́ oògùn ní 1986. Ní 1998, ó ti di ìdá 56 sí 100. Ohun tí ó yẹ kí a kíyèsí ni pé ara àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà le. Nítorí náà, ènìyàn lè gbé irú kòkòrò yìí láti ilé wọ ilé-ìwòsàn.

Ìgbésẹ̀ ní Ilé-Ìwòsàn
Ní ilé àyẹ̀wò, a máa ń gbin kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sínú àwo, a ó sì fi bébà oníoògùn lé e. Bí kòkòrò bá hù dé etí bébà, oògùn kò ràn án. Èyí kò sọ ibi tí ó ti wá. Kíka DNA ni ó ń sọ ìyẹn, bí oríkì orílẹ̀ ṣe ń sọ orírun ènìyàn. Ní 2017, Nàìjíríà gbé ètò orílẹ̀-èdè kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Yunifásítì Ìbàdàn sì wà lára àwọn tí ń ka DNA kòkòrò. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2021 lórí Klebsiella láti àwọn ilé-ìwòsàn gúúsù-ìwọ̀-oòrùn fi hàn pé àwọn kòkòrò kan tí a gbà lára aláìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá ara wọn tan. Ṣùgbọ́n láàárín 2016 sí 2018 ni a ti kó wọn jọ. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni a tó mọ̀.

Ìgúnlẹ̀
Ìdádúró bẹ́ẹ̀ léwu, pàápàá fún ọmọ tuntun tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní kòkòrò. Ó yẹ kí àyẹ̀wò máa yá, kí àkọsílẹ̀ sì máa wà létòlétò. Àwa olùkọ́ náà ní ipa tiwa: kí a kọ́ ọmọ pé kápúsù méjì péré tí a rà ní Ọjà Igbó láìsí àṣẹ dókítà lè ba oògùn tí ẹlòmíràn yóò nílò jẹ́.