Láti Orí Gáàsì Tí Ń Pa Iná Dé Orí Gáàsì Tí Iná Ń Jó: Ìtàn Iṣẹ́ Àtúnṣe Fìríìjì àti Ọ̀rọ̀ Àwọn Ọmọ Ìkọ́ṣẹ́ ní Ìwó

Ìfáárà

Ní ìlú Ìwó, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá, ojú ni ọmọ ìkọ́ṣẹ́ fi ń kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe fìríìjì. Ohun tí ó bá rí tí ọ̀gá ń ṣe ni òun náà yóò máa ṣe. Ọ̀nà ìkọ́ni yìí gbámúṣé níwọ̀n ìgbà tí ohun tí a ń tún ṣe kò bá yí padà. Ṣùgbọ́n gáàsì inú fìríìjì ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ewu iná tí ó wà nídìí iṣẹ́ náà lónìí kò ti ọ̀dọ̀ ọ̀lẹ tàbí òpè wá. Àṣà tí kò lè dá iná sílẹ̀ nígbà gáàsì àtijọ́ ni ó di ewu nígbà tí gáàsì mìíràn dé.

Ṣáájú Ọdún 1930

Amóníà, sulphur dioxide àti methyl chloride ni wọ́n ń lò nínú àwọn ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Májèlé ni gbogbo wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1926, Albert Einstein àti Leo Szilard bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí fìríìjì tí gáàsì kò ní lè jò láti inú rẹ̀. Ìròyìn ìdílé kan ní ìlú Berlin tí gáàsì fìríìjì pa ni a gbọ́ pé ó sún wọn dé ìdí rẹ̀. Amóníà yìí kan náà ni ó wà nínú fìríìjì oníkẹrosíìnì tí àwọn òyìnbó ajíhìnrere àti òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ń lò ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kí iná mànàmáná tó kárí.

Gáàsì Tí Ń Pa Iná

Ní ọdún 1928, Thomas Midgley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàwárí gáàsì tuntun tí a wá mọ̀ sí Freon. Ní ọdún 1930, níwájú àpéjọ àwọn onímọ̀ kẹ́místrì, Midgley fa gáàsì náà símú, ó sì fẹ́ ẹ síta láti fi pa àbẹ́là. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn oníṣẹ́ wa kò fi bẹ̀rù iná, kí ó rántí àbẹ́là yìí. Gáàsì náà kì í jó, kì í sì í pa ẹni tí ó bá fà díẹ̀ símú.

Lórí ìgbàgbọ́ yìí ni gbogbo àṣà iṣẹ́ náà dúró. Oníṣẹ́ a máa tú gáàsì dà sínú ṣọ́ọ̀bù, a sì máa fi iná yọ páìpù lára kọ̀m̀prẹ́sọ̀ láìfòyà. Kódà iná gan-an ni wọ́n fi ń wá ibi tí gáàsì ti ń jò: wọn a gbé àtùpà kékeré kan sún mọ́ páìpù, bí ọwọ́ iná bá ti di aláwọ̀ ewé, wọ́n ti rí ibẹ̀ nìyẹn. (Èéfín tí ń ti ibẹ̀ jáde ní májèlé, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dá wọn dúró.) Láyé ìgbà náà, kí gáàsì jò kò ní kí ó jó. Ohùn orí ọ̀rọ̀ méjèèjì nìkan ni ó yàtọ̀ lédè wa, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn jìn síra.

Òsóònù àti Àdéhùn

Ní ọdún 1974, Mario Molina àti Sherwood Rowland fi hàn pé gáàsì Midgley ń ba òsóònù jẹ́, èyí tí ó ń dáàbò bò wá lókè lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn. Àdéhùn Montreal tẹ̀ lé e ní ọdún 1987, Nàìjíríà sì wọ inú rẹ̀ ní ọdún 1988. Nígbà tí ọdún 2010 fi bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí gbogbo orílẹ̀-èdè tí ń gòkè àgbà ti jáwọ́ nínú rẹ̀. R134a ni ó gba ipò rẹ̀ nínú fìríìjì ilé. Òun náà kì í tètè gbiná, ṣùgbọ́n ó ń mú ayé gbóná ní ìlọ́po tí ó ju ẹgbẹ̀rún lọ bí a bá fi wé carbon dioxide. Àtúnṣe Kigali ti ọdún 2016, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2018, wá ń dín irú rẹ̀ kù.

Ní Jámánì, ilé-iṣẹ́ Foron pẹ̀lú ẹgbẹ́ Greenpeace ti gba ọ̀nà mìíràn láti ọdún 1993: wọ́n dá fìríìjì tí ó ń lo propane àti isobutane, ìbátan gáàsì ìdáná wa. Isobutane, tí a kọ ní R600a, ni ó wá gbilẹ̀ nínú fìríìjì ilé ní Yúróòpù. Propane, R290, wà nínú àwọn ẹ̀rọ amúlétutù kan àti nínú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná nígbà òtútù níbẹ̀. Ìjọba wa fi òfin de kíkó àlòkù fìríìjì wọlé, síbẹ̀ tòkunbọ̀ ń wọlé. Báyìí ni gáàsì Jámánì ṣe ń bá ọmọ ìkọ́ṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù ní Ìwó.

Nínú Ṣọ́ọ̀bù

R600a kò ní òórùn. A máa ń fi òórùn sí gáàsì ìdáná kí a lè mọ̀ bí ó bá ń jò. A kì í fi sí èyí. Ó wúwo tó ìlọ́po méjì afẹ́fẹ́, nítorí náà ilẹ̀ ni ó máa ń sùn sí. Bí ó bá ti tó ìpín méjì nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́, ìpẹ́pẹ́ iná láti ara súìṣì ti tó láti mú un gbiná. Òótọ́ ni pé kò pọ̀ nínú fìríìjì ilé. Ó sábà máa ń dín sí 100 gíráàmù. Ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Nítorí náà, gbangba ni kí a ti ṣí ẹ̀rọ náà, kí iná má sí nítòsí, kí a sì fi rọ́bà fa gáàsì jáde lọ síbi tí atẹ́gùn yóò gbé gbé e lọ, kí ó má ṣe sí gọ́tà nítòsí. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi nítírójìn fọ inú páìpù. Ọ́síjìn kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, nítorí ọ́síjìn àti ọ́ìlì kọ̀m̀prẹ́sọ̀ lè bú gbàmù. Ọ̀bẹ páìpù ni a fi ń gé páìpù, omi ọṣẹ ni a fi ń wá ibi tí ó ń jò, orí òṣùwọ̀n sì ni a ti ń wọn gáàsì tuntun, nítorí pé ìdajì ìwọ̀n R134a ni ó máa ń gbà. Ẹni tí ó bá ń fi etí gbọ́ ohùn ẹ̀rọ láti mọ̀ bí ó ti kún yóò rọ ọ́ jù.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá gégi nígbó, àgbà ni ó mọ ibi tí yóò wó sí. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, igi ọ̀tọ̀ ni àgbà fi kọ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi rò pé olùkọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kò gbọdọ̀ dúró sí kíláàsì nìkan, bí kò ṣe kí ó tọ àwọn ọ̀gá lọ ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ara àkọlé ẹ̀yìn fìríìjì: R600a, àti àmì iná nínú onígun mẹ́ta. Lára ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀, àkọlé náà ti há kúrò, tàbí kí wọ́n ti kun ọ̀dà bò ó. Irú èyí, bí ẹni pé gáàsì tí ń jó ni ó wà nínú rẹ̀ ni kí a ṣe tún un ṣe.