Kí Wọ́n Tó Da Ọ̀dà

Ta ló lè gbàgbé ìgbà tí wọ́n fẹ títì iwájú ọjà wa? Katapílà bẹ́ páìpù omi, wọ́n hú òpó iná, ẹja jẹrà nínú fíríìsà. Ọ̀dà ò tíì gbẹ tán tí wọ́n tún fi gbẹ́ ẹ, wọ́n ní àwọn fẹ́ ri páìpù.

Ojú àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù náà rí i rí. Láyé Ọbabìnrin Victoria, bí àwọn onígáàsì bá gbẹ́ títì dí, àwọn olómi á tún wá gbẹ́ ẹ. Lọ́dún 1861, nígbà tí wọ́n ń la Garrick Street, wọ́n kọ́ ọ̀nà kan sábẹ́ rẹ̀ bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé, kí páìpù máa gbabẹ̀.

Lọ́dún 1858, odò Thames rùn (ẹ má rẹ́rìn-ín o) débi pé wọ́n rẹ kọ́tìnì ilé aṣòfin sínú kẹ́míkà. Lẹ́yìn ìyẹn ni Joseph Bazalgette la Victoria Embankment sétí odò náà. Kí wọ́n tó ṣí i lọ́dún 1870, wọ́n ti kọ́ kòtò ìdọ̀tí sábẹ́ rẹ̀, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ páìpù tí èèyàn lè nàró nínú rẹ̀. Rélùwéè pàápàá ń gba abẹ́ ibẹ̀ kọjá. Bí páìpù bá jò, òṣìṣẹ́ á wọlé lọ tún un ṣe, ọkọ̀ ń lọ lókè.

Owó rẹ̀ pọ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ti ń sọ pé àwọn ń bọ̀ wá fẹ títì wa. Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n nípàdé: ibo ni páìpù àti wáyà máa gbà?