Kọ̀ǹpútà Tí Update Bàjẹ́: Ìtàn Àtúnṣe Rẹ̀ ní Àwọn Ìlú Kékeré Àyíká Ìbàdàn

Windows ni ètò ìpìlẹ̀ tí ó wà nínú èyí tí ó pọ̀ jù lọ lára kọ̀ǹpútà tí àwọn ènìyàn ń lò ní àwọn ìlú kékeré tí ó yí Ìbàdàn ká, láti Mọ́níyà ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé dé Ìyànà Ọ̀fà ní Lágelú, àti láti Ẹgbẹ́dá dé Àkànràn ní Ọnà-Arà. Ètò ìpìlẹ̀ yìí ni ó máa ń kọ́kọ́ jí nígbà tí a bá tan ẹ̀rọ náà, òun ni ó ń darí háàdì dísìkì, kíbọ́ọ̀dù àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, òun náà ni ó sì ń ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ètò mìíràn láti ṣiṣẹ́. Update ni àtúnṣe tí Microsoft, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ó ni Windows, ń fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti dí ihò tí olè lè gbà wọlé tàbí láti fi ohun tuntun kún iṣẹ́ ètò náà. Bí àtúnṣe bẹ́ẹ̀ bá ní àbùkù, tàbí tí nǹkan bá dá a dúró láàárín méjì, kọ̀ǹpútà lè tàn kí ó má wọlé mọ́. Gbígba irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ padà pín sí iṣẹ́ méjì tí àwọn ènìyàn sábà máa ń kà sí ọ̀kan: kí ẹ̀rọ tún ṣiṣẹ́, àti kí iṣẹ́ tí ènìyàn ti kó pamọ́ sínú rẹ̀ má ṣègbé. Ọwọ́ tètè tẹ iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní àyíká Ìbàdàn. Ìkejì ni ó pẹ́ kí àwọn ènìyàn tó kà á kún, àdánù tí ó sì ti ibẹ̀ wá kò kéré.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ni, ó yẹ kí a mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí update bá ń wọlé. Fáìlì tí Windows ń lò lọ́wọ́ kò ṣeé pààrọ̀, nítorí náà ó máa ń kó àwọn fáìlì tuntun jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó máa ń ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí ó fẹ́ fi rọ́pò ohun tí ó wà nílẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó máa pa ara rẹ̀, tí yóò sì ṣe pàṣípààrọ̀ náà ní àkókò kúkúrú tí ó ń jí bọ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì jí tán. Bí ẹni ń yọ òpó ilé tí àwọn ará ilé kò tíì kó jáde nínú rẹ̀ ni. Àkókò yìí ni ojú kọ̀ǹpútà máa ń ka iye tí ó ti ṣe nínú ọgọ́rùn-ún, tí ó sì máa ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má pa á. Windows máa ń gbìyànjú láti dá ohun tí ó ti pààrọ̀ padà bí iṣẹ́ náà bá já lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n bí dísìkì fúnra rẹ̀ bá ti ń gbó, tàbí tí iná bá lọ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra, àkọsílẹ̀ tí ó yẹ kí ó fi tọ́pasẹ̀ ara rẹ̀ lè bàjẹ́.

Nítorí náà ni ìtàn yìí kò fi ṣeé yà kúrò lára ìtàn iná mànàmáná. Láti ìgbà NEPA títí dé ìgbà PHCN, àwọn ilé-iṣẹ́ iná ti ìjọba, àti láti oṣù Kọkànlá ọdún 2013 tí IBEDC ti gba iṣẹ́ pípín iná, kò sí ẹni tí ó ń lo kọ̀ǹpútà ní Lálúpọn tàbí Èrúnmu tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé iná yóò wà títí update yóò fi parí. Nígbà tí wọ́n pín àwọn oníbàárà iná sí ẹgbẹ́ A dé E ní ọdún 2020, ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́ ni ti ẹgbẹ́ A, ti ẹgbẹ́ E sì jẹ́ wákàtí 4. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò ní bátìrì, bátìrì láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ sì sábà máa ń gbé ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀. Owó epo jẹnẹrétọ̀ sì ti fò sókè láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2023, débi pé ẹni tí ó bá tan jẹnẹrétọ̀ nítorí oníbàárà kan tí ó fẹ́ tẹ ìwé kò ní jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́ lọ nítorí update tí kò béèrè fún.

Ìbàdàn kì í ṣe àlejò sí kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 1963 ni ilé-iṣẹ́ IBM dá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ní ayé ìgbà náà, orí káàdì tí wọ́n lu ihò sí ni ètò máa ń wà. Bí ètò tuntun bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, wọn yóò kó káàdì ti àtijọ́ padà sẹ́nu ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ sì parí. Ìlànà yẹn, pé kí ohun àtijọ́ tí ó ṣiṣẹ́ wà nípamọ́ kí a tó fọwọ́ kan tuntun, kò tíì yí padà títí di òní.

Ní àwọn ọdún 1990, nígbà tí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà rọ́pò táípúráítà, DOS ni ètò ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń lò. Dísìkì pẹlẹbẹ kan ṣoṣo tí ó ní DOS nínú tó láti jí ẹ̀rọ tí ó dákú: wọn yóò ki dísìkì náà bọ̀ ọ́, wọn yóò kọ àṣẹ SYS C:, àwọn fáìlì tí ẹ̀rọ fi ń jí yóò sì padà sí àyè wọn láì fọwọ́ kan lẹ́tà kankan tí ènìyàn ti tẹ̀. Windows 95 mú Safe Mode wá ní ọdún 1995, ìyẹn ọ̀nà tí Windows ń gbà jí pẹ̀lú ohun kòṣeémánìí nìkan, kí ènìyàn lè wọlé yọ ohun tí ń yọ ọ́ lẹ́nu. Windows 98 ni ó kọ́kọ́ ní ojú-ọ̀nà tí a lè gbà fa update láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n síídì ni àtúnṣe fi ń dé ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà nígbà náà. Lẹ́yìn èyí ni System Restore wọ Windows Me ní ọdún 2000 àti Windows XP ní ọdún 2001. Ètò yìí máa ń ya àwòrán ipò tí Windows wà kí update tó wọlé, kí ó lè padà sí ipò náà bí nǹkan bá dojú rú, kò sì ní fọwọ́ kan ìwé tàbí fọ́tò oní-kọ̀ǹpútà.

Ó dunni pé àwọn tí ó yẹ kí System Restore ràn lọ́wọ́ ni kò fi bẹ́ẹ̀ jàǹfààní rẹ̀. Windows XP tí wọ́n dà kọ láìsan owó ni ó gbilẹ̀, nígbà tí Microsoft sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi update yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún 2005 àti 2006 bóyá Windows tí ènìyàn ń lò jẹ́ ojúlówó, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe pa update rẹ́ pátápátá kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ lé oní-nǹkan lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tí kò rí àtúnṣe gbà di ilé fáírọ́ọ̀sì tí ń ti orí fíláàṣì kan bọ́ sí òmíràn. Ní oṣù Kejì ọdún 2010 ni àbájáde irú ìwà bẹ́ẹ̀ hàn sí gbogbo ayé: update Windows XP kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ MS10-015 sọ ojú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà di búlúù, wọ́n kò sì lè jí mọ́. Nígbà tí Microsoft wádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé fáírọ́ọ̀sì Alureon ti sá pamọ́ sínú ìpìlẹ̀ àwọn ẹ̀rọ náà ṣáájú, àtúnṣe tuntun kò sì bá ohun tí fáírọ́ọ̀sì ti yí padà mu.

Láti inú ipò yìí ni àṣà fífọ́mátì ti gbilẹ̀. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá dákú ní Ìjàyè tàbí Àkànràn yóò gbé e dé Agbowó tàbí Queen Cinema nígboro Ìbàdàn, níbi tí àwọn ẹńjìníà, orúkọ tí gbogbo ènìyàn ń pe àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, pọ̀ sí; wọn yóò nu dísìkì nù mọ́lẹ̀mọ́lẹ̀, wọn yóò sì fi Windows tuntun sí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Fọ́mátì yá, owó rẹ̀ kò wọ́n, kì í sì í sábà kùnà. Ṣùgbọ́n àkáǹtì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, èsì ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, àkọsílẹ̀ owó àwọn tí ń ra gàrí lọ́wọ́ ilé ìfọ́gbàágùúdá, gbogbo rẹ̀ wà lórí dísìkì kan náà tí wọ́n nù. Kò tọ́ kí a pe èyí ní àtúnṣe, bí ẹ̀rọ náà ti wù kí ó máa sáré tó lẹ́yìn rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà mìíràn ti wà nílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Klaus Knopper, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gbé Knoppix jáde ní ọdún 2000, ètò ìpìlẹ̀ tí ó lè jí láti orí síídì láì lo Windows rárá, tí ènìyàn sì lè fi kó ìwé rẹ̀ jáde. Nígbà tí Windows Vista dé ní ọdún 2007, Microsoft mú yàrá àtúnṣe kan wá, èyí tí a ń pè ní WinRE: Windows kékeré kan tí ó dá wà lọ́tọ̀, tí ó máa ń yọjú nígbà tí Windows gan-an bá gbìyànjú láti jí léraléra tí kò ṣeé ṣe. Nínú WinRE ti Windows 10 àti 11, ẹńjìníà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò ṣí Troubleshoot, yóò bọ́ sí Advanced options, yóò sì lọ síbi tí a ti ń kọ àṣẹ. Níbẹ̀ ni yóò ti kọ notepad, ètò ìkọ̀wé kékeré yóò sì ṣí. Bí ó bá tẹ ibi tí a ti ń ṣí fáìlì, tí ó sì ní kí ó fi gbogbo irú fáìlì hàn, gbogbo ohun tí ó wà lórí dísìkì yóò jáde sí i lójú, títí kan fíláàṣì tí ó ti kì bọ̀ ọ́, yóò sì kó ìwé oní-nǹkan láti ìhín sí ọ̀hún. Ẹ̀yìn ìgbà tí ìwé bá ti wà lórí fíláàṣì ni ó tó lọ yọ update tí ó kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀, nípa títẹ Uninstall Updates. Bí èyí náà bá kọ̀, àṣẹ kan wà tí a fi ń pa update tí kò parí rẹ́:

dism /image:C:\ /cleanup-image /revertpendingactions

Lẹ́tà C yìí máa ń yí padà nínú WinRE nígbà mìíràn, ó sì yẹ kí ẹńjìníà kọ́kọ́ wò ó dájú.

Windows 10, tí ó jáde ní oṣù Keje ọdún 2015, sọ update di ohun tí ń wọlé fúnra rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń lo ẹ̀yà rẹ̀ ti ilé kò lè kọ̀ ọ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Dátà tí ènìyàn fowó rà sórí fóònù, tí ó wá pín fún kọ̀ǹpútà láti tẹ fọ́ọ̀mù JAMB, ni update máa ń jẹ tán, àfi bí ó bá ti sọ fún Windows pé íntánẹ́ẹ̀tì náà jẹ́ èyí tí a ń wọ̀n. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, update 1809 pa ìwé àti fọ́tò àwọn kan rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà wọn ń jí dáadáa. Microsoft dá update náà dúró ní ọjọ́ 6 oṣù náà, wọ́n sì rọ àwọn tí ó kàn pé kí wọ́n dín lílo ẹ̀rọ wọn kù, kí fáìlì tuntun má baà jókòó lórí ibi tí àwọn tí ó sọnù wà. Fún ìgbà díẹ̀, gbogbo ayé rí i gbangba pé ẹ̀rọ tí ó jí kì í ṣe ẹ̀rọ tí ó yè. Àǹfààní láti padà sí Windows ti tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn update ńlá, tí ó jẹ́ ọjọ́ 30 nígbà tí Windows 10 kọ́kọ́ dé, ti di ọjọ́ 10 láti ọdún 2016, ọjọ́ 10 kò sì jẹ́ nǹkan kan fún ẹni tí ó ń dúró de owó kí ó tó lè gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wọ Ìbàdàn.

Ìjàǹbá tí ó tóbi jù lọ nínú ìtàn yìí kò tilẹ̀ ti ọ̀dọ̀ Microsoft wá. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ní ìdájí ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ CrowdStrike fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí Falcon, ètò ààbò tí àwọn báǹkì, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú àti ilé ìwòsàn ńlá ń rà. Wákàtí kan ó lé díẹ̀ péré ni wọ́n fi fà á padà, ṣùgbọ́n nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà ti di ojú búlúù. Ẹ̀rọ tí kò lè jí kò lè gba ìwòsàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn òṣìṣẹ́ ń dé ìdí wọn, tí wọ́n ń wọ Safe Mode, tí wọ́n sì ń pa fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C-00000291 rẹ́. Falcon kì í ṣe irú ètò tí ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ní Lálúpọn ń rà, àmọ́ iṣẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ayé ṣe lọ́jọ́ náà ni iṣẹ́ tí ẹńjìníà Agbowó ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìṣòro mìíràn tí ó tún dé ni ti títì. Windows 11 máa ń ti dísìkì pa lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, tí ó fi jẹ́ pé bí update bá dojú rú, WinRE yóò béèrè nọ́ńbà ìṣílẹ̀kùn olójú 48 kí ó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé ibi tí ìwé wà. Inú àkáǹtì Microsoft oní-kọ̀ǹpútà ni nọ́ńbà yìí sábà ń wà, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tí ó ta ẹ̀rọ náà tàbí ọmọ àdúgbò tí ó bá a ṣètò rẹ̀ ni ó fi í-meèlì ṣí àkáǹtì náà, tí oní-kọ̀ǹpútà kò sì mọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀. Dísìkì tí wọ́n tì báyìí kò ṣeé fi notepad tàbí Knoppix kó ìwé inú rẹ̀, fọ́mátì nìkan ni yóò sì kù nílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà délé ni ó yẹ kí wọ́n ti wá nọ́ńbà náà jáde, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí ó ti ń fi ránṣẹ́ sí Windows 10 dúró ní gbogbogbòò, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ti dàgbà jù fún Windows 11. Ọjọ́ yẹn kan náà ni update Windows 11 kan, KB5066835, mú kí kíbọ́ọ̀dù àti máòsì USB má ṣiṣẹ́ mọ́ nínú WinRE, débi pé ẹni tí ó bá dé yàrá àtúnṣe kò rí ohun kankan tẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà ni Microsoft gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde. Lára àwọn tí wọ́n rí ọ̀nà lọ ṣáájú ìgbà náà ni àwọn tí ó ti ṣe fíláàṣì àtúnṣe tiwọn sílẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà wọn ṣì ń ṣiṣẹ́.