Ẹ̀dà Mẹ́ta Ọ̀run Móoru

Bí ènìyàn bá sọ pé òun ti wo fíìmù kan, ìbéèrè tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi í ni pé, èwo nínú ẹ̀dà rẹ̀ ni ó wò? Ìwé kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní Ìdó àti ẹni tí ó kà á ní Èkó, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n kà. Ṣùgbọ́n bí fíìmù bá ti ń ti orí aṣọ funfun inú gbọ̀ngàn bọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì, tí ó sì ti inú kásẹ́ẹ̀tì bọ́ síbòmíràn, ohun kan ń já bọ́ lára rẹ̀, ohun mìíràn sì ń lẹ̀ mọ́ ọn. Fíìmù Yorùbá kan wà tí mo ti rí ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta láàárín nǹkan bí ogójì ọdún. Ìtàn àwọn ẹ̀dà náà ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé inú rẹ̀ ni a ti lè rí bí sinimá wa ṣe wọlé tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde mọ́.

Àwọn òyìnbó ti sọ irú àfiwé báyìí di iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a mú The Good, the Bad and the Ugly, tí Sergio Leone ará Ítálì ṣe ní 1966. Fíìmù kábọ́ọ̀ì ni a ń pe irú rẹ̀, ọmọkùnrin tí ó bá sì wò ó ní àwọn ọdún 1970 a máa fi ìka ṣe ìbọn káàkiri àdúgbò fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí wọ́n gbé e dé Amẹ́ríkà ní 1967, wọ́n gé e kù sí ìṣẹ́jú 161. Ní 2003 wọ́n dá àwọn ibi tí wọ́n gé padà sí i, ó sì di ìṣẹ́jú 179. Èdè Ítálì nìkan ni ó wà fún àwọn ibi wọ̀nyí, nítorí náà Clint Eastwood àti Eli Wallach tún jókòó, wọ́n fi ohùn àgbàlagbà sọ̀rọ̀ sí ẹnu ara wọn ti ìgbà tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Lee Van Cleef ti kú ní 1989, ẹlòmíràn ni ó bá a sọ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2014, àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ bínú pé àwọ̀ rẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú jù. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá ka irú àròyé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ìlara ni. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ wà nínú àpótí ni ó lè máa jà pé àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí.

Ọ̀run Móoru jáde ní 1982. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ọmọ Iléṣà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ni ó fi owó rẹ̀ ṣe é, òun náà ni ó sì jẹ́ aṣáájú eré inú rẹ̀. Ọlá Balógun, tí ó kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Paris, tí ó sì ti darí Àjàní Ògún ní 1976 àti Ayé ti Ògúndé ní 1979, ni olùdarí. Túndé Kèlání ni ó di kámẹ́rà mú. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tí oníjìbìtì tàn pé òun yóò sọ ọ́ di olówó. Nígbà tí kò ní nǹkan kan mọ́, ó fẹ́ pa ara rẹ̀; ó dé ọ̀dọ̀ Ikú, Ikú sì sọ fún un pé àkókò rẹ̀ kò tíì tó. Àwọn tí ó mọ ohun tí fíìmù yìí fi ojú Bàbá Sàlá rí lẹ́yìn náà kì í lè wo ibẹ̀ kí wọ́n má mi orí.

Fíìmù ṣíṣe nígbà náà kì í ṣe eré ọmọdé. Owó òkèèrè ni a fi ń ra fíìmù tí a ó ya, òkè òkun ni a sì ń gbé e lọ láti fọ̀ ọ́ àti láti tẹ̀ ẹ́. Nítorí pé owó gọbọi ni ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ń jẹ, díẹ̀ ni olówó fíìmù ń ní, òun fúnra rẹ̀ tàbí ẹni tí ó fọkàn tán ni ó sì ń gbé e kiri láti ìlú dé ìlú.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ ṣe dé Ìkọ̀lé. Láti Ìdó àti Ìfàkì dé Ọ̀yẹ́, láti Ọ̀yẹ́ dé Ìkọ̀lé títí dé Òmùò, àwọn ìlú wa kì í ṣe ìlú tí ilé sinimá pọ̀ sí bíi ti Ìbàdàn. Gbọ̀ngàn ìlú àti gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ ni a ń lò. Ọ̀nà náà ti là tipẹ́. Láyé ìjọba òyìnbó ni mọ́tò sinimá ti ń wá fi àwòrán ìmọ́tótó àti iṣẹ́ àgbẹ̀ han àwọn ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ẹgbẹ́ eléré tọ ojú ọ̀nà kan náà, pàápàá ní ìgbà kòkó, tí owó bá wà lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ wa wà lára àwọn tí ó la ọ̀nà eré náà, èyíinì ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkèmẹ̀sí. Ṣùgbọ́n ó kú ní 1973, ọdún mẹ́ta kí Àjàní Ògún tó jáde.

Ní gbọ̀ngàn yẹn, kì í ṣe fíìmù nìkan ni mo wò. Àwòrán náà tóbi ju ògiri ilé lọ, àwọ̀ rẹ̀ mọ́ kedere, ẹ̀rọ náà sì ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Nígbà tí okùn fíìmù kan bá parí, wọ́n a dúró pààrọ̀ rẹ̀, láàárín ìdúró yìí ni àwọn àgbà sì ń fi ẹnu Èkìtì túmọ̀ ohun tí a ti rí fún ara wọn, tí wọ́n ń jiyàn lórí ohun tí a kò tíì rí. Bí Bàbá Sàlá bá yọ, kí ó tó lanu ni gbogbo ilé ti bú sẹ́rìn-ín, débi pé ní ibi púpọ̀ n kò gbọ́ gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ rárá.

Ẹ̀dà kejì bá wa nínú ilé. Ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1980, àwọn ọmọ ìlú tí ń ṣòwò ní Èkó a máa gbé ẹ̀rọ fídíò wálé fún ọdún Kérésìmesì àti ọdún Àjíǹde, wọ́n a sì gbé jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn, nítorí pé iná NEPA kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Kásẹ́ẹ̀tì VHS dúdú kan, tí páálí rẹ̀ kò ní àwòrán kankan, tí ẹnì kan fi bírò kọ orúkọ sí lára, ni a fi Ọ̀run Móoru hàn wá. Yàrá kún títí dé ojú fèrèsé. Ẹni tí ó gbé e wálé rò pé òun ń ṣe ará ilé lóore ni, oore náà ni àwọn ará ilé sì gbà á sí.

Àwòrán náà ti rì, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wo ìsàlẹ̀ odò tí wọ́n ti tẹ̀ dàrú. Àdàkọ àdàkọ ni. Ẹ̀rọ fídíò méjì ni wọ́n ń so pọ̀, tí ọ̀kan ń sọ, tí èkejì ń gbà. Ohun tí èkejì gbà ni wọ́n tún fi ń sọ fún ẹ̀kẹta, ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ń dín kù. Àwọ̀ pupa ń ṣàn kọjá etí aṣọ tí ó ni í. Ìran alẹ́ ti di òkùnkùn biribiri. Ó tún dà bí ẹni pé fíìmù náà ń yára. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ojú mi, ìdí rẹ̀ ni pé àwòrán 24 ni ẹ̀rọ sinimá ń fi hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán irú tiwa, èyí tí wọ́n ń pè ní PAL, ń fi 25 hàn. Bí a bá da fíìmù sínú fídíò lọ́nà tí ó wọ́pọ̀, èyí tí ó yẹ kí ó gba ìṣẹ́jú 100 a parí ní ìṣẹ́jú 96, gbogbo ohùn inú rẹ̀ a sì gòkè díẹ̀. Etí mi mọ̀ ọ́n lára ìlù. Èdè olóhùn ni tiwa, ṣùgbọ́n bí gbogbo ohùn bá jọ gòkè, ìtumọ̀ kò yí padà, nítorí pé òkè ṣì wà lókè, ìsàlẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀. Ohun tí ó yí padà ni ènìyàn tí ń sọ̀rọ̀: Bàbá Sàlá di ẹni tí ara rẹ̀ fúyẹ́ jù, tí ó ń kánjú lọ síbì kan.

Síbẹ̀, inú kásẹ́ẹ̀tì burúkú yẹn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ àwọn gbólóhùn tí ẹ̀rín gbọ̀ngàn ti bò mọ́lẹ̀. A lè dá a dúró, kí a yí i padà, kí a tún un gbọ́. Ìyá àgbà kan ní kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ Ikú padà fún òun. Wọ́n dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta. Gbọ̀ngàn kò lè fún un ní èyí láéláé.

Bàbá Sàlá ni ó san owó rẹ̀. Ó ti yá owó báńkì ṣe fíìmù náà. Kò tíì gbé e kiri dé ibi tí owó yóò ti padà wọlé tí àwọn olè fi dà á sínú kásẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń tà á káàkiri, ẹni tí ó bá sì ti wò ó nílé kì í tún wá san owó ní gbọ̀ngàn. Gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ohun ìní rẹ̀ sì bá a lọ. Òfin tí ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà, èyí tí wọ́n ṣe ní 1970, kò ní eyín tí ó fi lè gé ẹnikẹ́ni jẹ. 1988 ni ìjọba ológun tó gbé òmíràn jáde. Bàbá Sàlá kò fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ṣe fíìmù mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn olè yìí kò kúrò lára orúkọ rẹ̀ títí ó fi kú ní Oṣù Kẹwàá ọdún 2018.

Hubert Ògúndé rí gbogbo èyí, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ayé, Jáiyésinmi, Àròpin Ń Tènìyàn àti Àyànmọ́, kò dà wọ́n sí kásẹ́ẹ̀tì fún títà. Ẹni tí ó bá fẹ́ wò wọ́n ní láti dúró de ọjọ́ tí ẹ̀rọ sinimá yóò dé ìlú rẹ̀. Ó kú ní Oṣù Kẹrin ọdún 1990, ilẹ̀kùn náà sì wà ní títì fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọgbọ́n ni, kò sì sí ẹni tí ó rí ti Bàbá Sàlá tí yóò bú u. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọgbọ́n náà bí. Àwọn ọmọ tí a bí ní Ọ̀yẹ́ àti ní Ìkọ̀lé lẹ́yìn 1990 ń gbọ́ nípa Ayé bí ẹni ń gbọ́ àlọ́. Wọ́n mọ̀ pé Ògúndé ni ó ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tí ó bá àwọn àjẹ́ jà, nítorí pé òbí wọn sọ fún wọn, ṣùgbọ́n wọn kò rí i. Ọ̀run Móoru tí wọ́n jí, wọ́n rí i. N kò sọ pé olè ṣe dáadáa. Ẹni tí a jí oúnjẹ rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ jẹ ṣì fi ebi sùn. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni pé ọmọ náà jẹun, ó sì tó àkókò kí àwa tí a ń kọ̀wé lórí àṣà yéé sọ ìdajì ìtàn yìí nìkan.

Ẹni tí ó wà lẹ́yìn kámẹ́rà Ọ̀run Móoru ni ó mú mi ronú jù lọ. Nígbà tí náírà wó lulẹ̀ lẹ́yìn 1986, owó tí a ó fi fọ fíìmù ní òkè òkun di ohun tí apá kò ká mọ́, àwọn eléré sì ya lọ sí ọ̀nà fídíò. Túndé Kèlání náà gba ọ̀nà yìí. Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ tí ó ṣe ní 1993 dé Ìdó àti Ìkọ̀lé nínú páálí tí ó ní àwòrán àti orúkọ, tí ènìyàn lè rà ní ọjà. Kásẹ́ẹ̀tì tí ó jẹ́ ọ̀tá di ọkọ̀ tí a ń wọ̀. Àwọn olè kò fi í sílẹ̀ níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà tí a kì í sábà kíyè sí: lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì Ọ̀run Móoru, fíìmù kan wà tí ó dára jù ú lọ, lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì àwọn fídíò ìgbà náà, fídíò ni ó tún wà.

Ẹ̀dà kẹta wà nínú fóònù. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ni ó fi hàn mí ní Ọ̀yẹ́, níbi tí ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì sílẹ̀ sí ní 2011. Wọ́n ti fa àwòrán náà gbòòrò kí ó lè kún ojú fóònù, Bàbá Sàlá sì sanra ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ. Mo wo ìsàlẹ̀ àwòrán náà dáadáa. Ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń gbọ̀n níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ fídíò ni ó máa ń fi irú ìlà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ó bá ń ka kásẹ́ẹ̀tì. Kò sí i lára fíìmù gidi. Nítorí náà ọmọ kásẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀dà inú fóònù yìí, ọ̀kan nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì dúdú ìgbà náà sì lè jẹ́ bàbá rẹ̀.

Irú fíìmù bẹ́ẹ̀ lè ṣì fara hàn. Shaihu Umar tí Adamu Halilu ṣe ní èdè Hausa ní 1976, tí àwọn ènìyàn ti gbà pé ó ti sọnù, wọ́n rí i ní 2016 nínú ibi ìpamọ́ fíìmù ìjọba ní Jos. Ilé-iṣẹ́ Arsenal ní Berlin bá wọn tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn níbi àjọ̀dún fíìmù ìlú náà ní 2018. Mo sọ èyí fún ọmọ náà. Ó bi mí bí Ọ̀run Móoru ṣe rí ní gbọ̀ngàn. Mo sọ fún un nípa àwọ̀ rẹ̀, àti nípa eré àsáré tí kásẹ́ẹ̀tì kó bá a. Àwọ̀ kò sí ohun tí ó lè ṣe sí i, ṣùgbọ́n ó wá ohun èlò kan nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ tí ó lè dín eré fíìmù kù, ó dín in ní mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì gbé e sétí mi. Ìlù náà wálẹ̀.