Owó Níná àti Owó Ìpamọ́: Láti Ayé Owó Ẹyọ Títí Dé Bitcoin

  

Láti bí ọjọ́ mélòó kan ni àwọn èèyàn ti ń dúró dè wá lẹ́yìn ìrun àṣámù pẹ̀lú ìbéèrè kan náà. Àwọn òbí ló máa ń kọ́kọ́ dé. Wọ́n á ní, "Áfáà, ọmọ wa sọ pé kí a fi owó tí a ń tu jọ fún Hajj ra Bitcoin. Ṣé owó ni nǹkan yìí ni, àbí ọjà?" Tí wọ́n bá lọ tán, àwọn ọmọ náà á yọjú, tiwọn á sì yàtọ̀ díẹ̀: ṣé kí wọ́n máa fi ra nǹkan bí a ti ń fi náírà ra nǹkan ni, àbí kí wọ́n rà á sílẹ̀ di ọdún mẹ́wàá?

A lè fi gbólóhùn méjì dá wọn lóhùn, ká sì máa lọ sílé, ṣùgbọ́n kò ní yé ẹnikẹ́ni. Ìjà tó wà láàárín owó tí a ń ná àti owó tí a ń kó pamọ́ kì í ṣe ìjà òní. Àwọn baba ńlá wa ti fojú winá rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ gba ọ̀nà ìtàn lọ.

Imam al-Ghazali, ẹni tó kú ní ọdún 505 Hijira (1111), sọ̀rọ̀ lórí owó nínú ìwé rẹ̀ Ihya. Ó fi wúrà àti fàdákà wé dígí: dígí kò ní àwọ̀ tirẹ̀, àwọ̀ ohun tí a bá gbé síwájú rẹ̀ ló ń fi hàn. Ó ní bí ẹnì kan bá ní ràkúnmí, tí ẹlòmíràn sì ní sáfúrónì, adájọ́ kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò sọ iye tí ọ̀kan tó sí èkejì. Owó ni adájọ́ náà. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ti owó mọ́lé láìná an dà bí ẹni tó ju adájọ́ ìlú sẹ́wọ̀n. Àpèjúwe yìí ṣe pàtàkì, nítorí adájọ́ tó bá ń pa ohùn dà láàárọ̀ àti lálẹ́, ta ni yóò gbé ẹjọ́ lọ bá a?

Nígbà ayé Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), àwọn Lárúbáwá kò ní owó tí wọ́n rọ fúnra wọn. Dínárì wúrà ti àwọn ará Róòmù àti dírámù fàdákà ti àwọn ará Páṣíà ni wọ́n ń ná ní Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà, orí ìwọ̀n ni wọ́n sì ń gbé e lé. Ọdún 77 Hijira, tó bọ́ sí 696 sí 697, ni Kálífà Abdul-Malik ọmọ Marwan ní Dàmásíkù rọ dínárì tí kò ní àwòrán ọba kankan lójú, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nìkan ló wà lára rẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ tó gíráàmù 4.25. Òun náà ni àwọn onímọ̀ ṣì ń fi ṣírò sàká títí dòní: 20 dínárì, ìyẹn gíráàmù 85 wúrà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń mú dínárì lọ ra ẹ̀fọ́. Wúrà wà fún ohun ńlá àti fún ìpamọ́, fàdákà wà fún òwò àárín, bàbà tí wọ́n ń pè ní fulus ló wà fún búrẹ́dì àti iyọ̀. Owó kan ṣoṣo kò dá gbogbo iṣẹ́ náà ṣe, bẹ́ẹ̀ sì ni wúrà lèyí o.

Wúrà pàápàá ń mì. Nígbà tí Mansa Musa ọba Mali gba Káírò kọjá lọ sí Hajj ní ọdún 1324, ó ná wúrà, ó fi tọrẹ, débi pé iye wúrà já wálẹ̀ lójú ọjà. Al-Umari kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní nǹkan bí ọdún 12 lẹ́yìn náà, kò tíì padà sí bó ṣe wà. Ìyẹn kò pa wúrà, nítorí kò sí ẹni tó lè gbìn ín bí àgbàdo. Èyí tí wọ́n bá lè kó wọlé bí yanrìn ni wàhálà rẹ̀ máa ń pọ̀, a ó sì rí i nílé wa níbí.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí owó ẹyọ. Ìkarahun inú òkun ni, láti erékùṣù Maldives ní òkun Íńdíà. Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Mòrókò, ṣe kádì níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1343 sí 1344, ó sì rí i bí wọ́n ti ń kó o látinú òkun. Ó ní níbẹ̀, 400,000 ẹyọ ni wọ́n ń gbà fún dínárì wúrà kan, ó sì máa ń pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà míì. Nígbà tó wá dé Mali àti Gao lọ́dún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, 1,150 péré ni wọ́n ń gbà fún dínárì kan. Ẹ gbọ́ ìyẹn o! Ìkarahun kan náà ni. Ohun tó sọ ọ́ di owó iyebíye lọ́hùn-ún ni pé ọ̀nà jìn, ó sì ṣòro láti kó dé.

Nílẹ̀ Yorùbá, a fi owó ẹyọ ná ọjà débi pé ó wọ inú ìṣirò wa. Ogójì ẹyọ ni okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, 20,000, àpò odidi kan. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó ń pe "ọ̀kẹ́" nínú ìṣirò kò mọ̀ pé àpò owó ẹyọ ni àwọn ń dárúkọ. Owó gidi ni fún ọjà ojoojúmọ́: èèyàn lè fi ẹyọ díẹ̀ ra ẹ̀kọ, kò ní bàjẹ́, kò ní jẹrà, kò sì sẹ́ni tó lè ṣe ayédèrú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di òwò ńlá, aláàárù ni yóò máa ru ú, owó aláàárù á sì jẹ nínú èrè.

Àwọn kan wá ń kó o sínú ìkòkò, wọ́n ń rì í mọ́lẹ̀ nínú yàrá, wọ́n ní àwọn ń tọ́jú ọrọ̀ fún ọmọ. Ní nǹkan bí ọdún 1845, àwọn oníṣòwò Jámánì láti Hamburg rí i pé irú ìkarahun mìíràn, tó tóbi ju ti Maldives lọ, pọ̀ lọ jàra ní etíkun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà lápá Zanzibar. Ọkọ̀ òkun ni wọ́n fi ń kó o. Wọ́n ń gbé e wá sí Èkó àti Wídà, wọ́n ń fi í ra epo pupa wa. Bí ọkọ̀ ṣe ń dé ni iye owó ẹyọ ń já. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ri ìkòkò owó mọ́lẹ̀ kí àwọn Jámánì tó dé, nígbà tí ọmọ yóò fi hú u jáde, ẹyọ kò dín, ṣùgbọ́n ohun tó lè rà ti dín kù jọjọ. Olè kò wọlé, iná kò jó o. Ìjọba òyìnbó kó ṣílè wọlé, wọ́n dá ìgbìmọ̀ owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní ọdún 1912, owó ẹyọ sì di ohun ọ̀ṣọ́. Náírà gba ipò ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973.

Wàyí o, Bitcoin. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2008, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto gbé ìwé pélébé kan jáde. Kò sẹ́ni tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ títí dòní ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú àkọlé ìwé náà gan-an ló ti pè é ní owó níná, tí ẹnì kan lè fi ránṣẹ́ sí ẹnì kejì láìgba báńkì kọjá. Kò pè é ní ìdókòwò. Oṣù kìíní ọdún 2009 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò ní ìwé, kò ní irin; àkọsílẹ̀ ni, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú kárí ayé. Wọ́n sì ti kọ ọ́ mọ́ ìlànà rẹ̀ pé kò ní ju mílíọ̀nù 21 lọ láéláé. Kò sí ọkọ̀ Jámánì tó lè kó òmíràn dé.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí bìrí. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2010, ọkùnrin kan ní Florida ní Amẹ́ríkà fi 10,000 Bitcoin ra písà méjì. Owó níná ni lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di oṣù kejìlá ọdún 2024, Bitcoin kan ṣoṣo kọjá 100,000 dọ́là. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: písà méjì náà ti kọjá bílíọ̀nù kan dọ́là! Ta ni yóò gbọ́ ìtàn yìí tí yóò tún fi Bitcoin ra oúnjẹ? Ohun tí èèyàn bá gbà pé yóò gbówó lórí lọ́la, kò ní ná an lónìí.

Ẹ tún wo ẹni tó ń tajà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, Bitcoin kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 69,000 dọ́là. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá ọdún 2022, ó ti wọ abẹ́ 16,000. Ìyá ọlọ́jà tó bá ta ìrẹsì nígbà tó ga yẹn, tó tọ́jú Bitcoin náà di ọdún kejì, kò ní lè ra àpò kan padà nínú mẹ́rin tó tà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ó kọjá 120,000. Nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, ó ti já sábẹ́ 90,000. Adájọ́ Imam al-Ghazali kọ́ nìyí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìwé àkọsílẹ̀ yẹn ń gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó ṣí ojú ewé tuntun, nǹkan bí ìsanwó méje péré ló sì ń gbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan fún gbogbo ayé. Wọ́n ti la ọ̀nà àbùjá kan tí wọ́n ń pè ní Lightning láti mú un yá, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè dá iye owó dúró sójú kan.

Orílẹ̀-èdè kan dán an wò tọkàntọkàn. El Salvador ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà sọ Bitcoin di owó ìlú ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, pẹ̀lú dọ́là tí wọ́n ti ń ná tẹ́lẹ̀. Ìjọba fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá gba ètò náà sórí fóònù rẹ̀ ní Bitcoin tó tó 30 dọ́là. Ọ̀pọ̀ ná 30 dọ́là náà tán, wọ́n sì pa ètò ọ̀hún tì. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, lẹ́yìn àdéhùn owó yíyá bílíọ̀nù 1.4 dọ́là pẹ̀lú àjọ IMF, wọ́n tún òfin náà ṣe: kò sí dandan fún ọlọ́jà mọ́ láti gbà á. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé ìjọba náà kò ta Bitcoin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn gan-an tó fẹ́ sọ ọ́ di owó ọjà ló wá ń kó o pamọ́.

Nílé wa ní Nàìjíríà, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ fún àwọn báńkì ní oṣù kejì ọdún 2021 pé kí wọ́n ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣe kírípítò. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, òun fúnra rẹ̀ gbé eNaira jáde, àwọn èèyàn kò sì kà á sí. Òpin ọdún 2023 ló tó dẹ okùn òfin náà. Òfin ìdókòwò tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní ọdún 2025 wá kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sábẹ́ àjọ tó ń bójú tó ìpín ìdókòwò. Lójú òfin wa nígbà náà, ohun ìdókòwò ni.

A kò ní purọ́ mọ́ àwọn ọ̀dọ́. Wọn kò déédéé sá kúrò lọ́dọ̀ náírà. Dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023; nígbà tó máa fi di oṣù kejì ọdún 2024 ó ti lé ní 1,500. Bàbá tó fi náírà pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí fún Hajj, ìkòkò owó ẹyọ lòun náà ń rì mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ wa ní London tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé rí i pé kírípítò tí wọ́n so mọ́ dọ́là ń yá ju báńkì lọ, èyí tí iye rẹ̀ kì í sáré yẹn ló sì sún mọ́ owó níná jù nínú gbogbo wọn. Síbẹ̀, Terra tí wọ́n ní yóò dúró gẹ́gẹ́ bíi dọ́là kan wó lulẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2022. Bitcoin ni kò lè ju mílíọ̀nù 21 lọ. Ẹnikẹ́ni ló lè dá kírípítò mìíràn sílẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, ìkarahun Zanzibar sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Èyí tó tiẹ̀ burú jù ni àwọn tó kàn fi orúkọ kírípítò bojú, irú èyí tó dojú dé ní oṣù kẹrin ọdún 2025, tí àwọn tí owó wọn há ya wọ ọ́fíìsì wọn n'Íbàdàn, tí wọ́n ń ru àga àti fìríìjì lọ.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn pàápàá kò fẹnu kò. Mùfútì àgbà ilẹ̀ Íjíbítì kọ̀ ọ́ ní ọdún 2018. Ìgbìmọ̀ àwọn àlùfáà ilẹ̀ Indonesia ní ọdún 2021 ní háràmù ni gẹ́gẹ́ bí owó níná, ṣùgbọ́n wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún títà àti rírà rẹ̀ bí ọjà, bí ó bá ní ìpìlẹ̀ àti àǹfààní tó hàn. Tiwa ni pé Bitcoin kùnà gẹ́gẹ́ bí owó ọjà. Ọjà ìpamọ́ ni, ọjà tó ń fò sókè tó ń já wálẹ̀. Owó Hajj tí ọjọ́ rẹ̀ ti sún mọ́, owó ilé-ìwé, owó àjọ tó jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fi síbẹ̀. Ẹni tó bá ní àṣẹ́kù, tó lè wò ó kó dìdajì láìyá owó jẹun, òun ló lè rà á, kó sì rà á fún ọdún pípẹ́.

Ẹni tó bá ti ní in lọ́wọ́ ńkọ́? Níwọ̀n bó ti rà á fún èrè, ọ̀rọ̀ ọjà òwò ló kàn án. Lọ́jọ́ tí ọdún Hijira bá pé lé e lórí, kó wo iye tó ń lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe iye tó fi rà á, kì í sì í ṣe iye tó ń retí. Bó bá tó iye gíráàmù 85 wúrà, kó yọ ìdá kan nínú 40. Àwọn kan ń bi wá bóyá wọ́n lè fi Bitcoin náà gan-an san sàká fún mẹ̀kúnnù. Kí wọ́n kọ́kọ́ tà á, kí wọ́n fún mẹ̀kúnnù ní náírà, nítorí òun fẹ́ ra ìrẹsì lónìí.