Láti Ìdí Ègbè: Keith Duffy, Eré Tẹlifíṣọ̀n àti Iṣẹ́ Àánú

Àwọn tó ń kọ̀wé lórí òkìkí sábà máa ń ka iṣẹ́ àánú gbajúmọ̀ sí ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ orúkọ tó ti ń ṣá. Mi ò ní sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n tí a bá yẹ ọ̀rọ̀ Keith Duffy, ọmọ Dublin tó wà nínú ẹgbẹ́ Boyzone, wò dáadáa, àlàyé yẹn kò tó. Ipò tó wà nínú ẹgbẹ́ olórin yẹn ló sọ irú òṣèré àti irú aláàánú tí ó dà.

Louis Walsh, alámójútó olórin, ló kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Boyzone jọ ní 1993. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, kí wọ́n tó gbé orin kankan jáde, wọ́n dé orí The Late Late Show, ètò tẹlifíṣọ̀n Gay Byrne. Wọn kò kọrin rárá. Ijó lásán ni wọ́n jó. Títí di òní, àwọn ará Írẹ́lándì ṣì ń fi fídíò náà ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀, irú iṣẹ́ tí Duffy ń ṣe títí di 2000 nìyẹn. Ronan Keating àti Stephen Gately ló ń lé orin. Duffy àti Shane Lynch wà nídìí ègbè, wọ́n ń jó, kámẹ́rà sì ń rí wọn. Nígbà tí ẹgbẹ́ sinmi, àwọn elégbè méjèèjì gbé orin tiwọn jáde, orin Milli Vanilli ni wọ́n sì tún kọ, àwọn tí àṣírí wọn tú pé ohùn ẹlòmíràn ni wọ́n ń la ẹnu sí. Bó bá jẹ́ àwàdà ni wọ́n fi ṣe, àwàdà náà dùn.

Ẹni tí aráyé ti ń wò fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀ ti kọ́ iṣẹ́ kan. Coronation Street, eré tí ITV ti ń ṣe láti 1960 lórí ìgbé ayé àwọn aládùúgbò ní Weatherfield, kò nílò ìràwọ̀. Ẹni tí kò ní sú ènìyàn ní pálọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lọ́sẹ̀ ló nílò. Duffy ṣe Ciaran McCarthy níbẹ̀ láti 2002 sí 2005, ó sì tún padà ní 2010.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ gan-an ni ti àánú. Lọ́dún 1998, àrùn jẹjẹrẹ ọmú pa ìyá Keating. Òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ dá Marie Keating Foundation sílẹ̀. Orúkọ ilé wọn ló wà lójú pátákó. Nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé ọmọbìnrin Duffy ní ọ̀tísíìmù, kò dá nǹkan kan sílẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀. Inú Irish Autism Action ló wọ̀, ó ń bá wọn kówó jọ, ó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ níta. Ẹni tó ń lé orin lé e. Elégbè gbè é.

Àríwísí tó lágbára jù kì í ṣe ti àgàbàgebè. Òun ni pé ojú gbajúmọ̀ lè gba ìjọba lọ́wọ́ ìtìjú. Ṣùgbọ́n kí Duffy tó dá sí ọ̀rọ̀ yìí, Kathy Sinnott ti gbé ìjọba Írẹ́lándì lọ sí kóòtù nítorí ọmọ rẹ̀ tó ní ọ̀tísíìmù, tó sì ti lé lógún ọdún. Ó jàre ní ilé ẹjọ́ gíga ní 2000, ṣùgbọ́n ní 2001 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ojúṣe ìjọba lórí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò kọjá ọdún 18. Òfin tuntun lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ àkànṣe dé ní 2004, àmọ́ wọ́n fi àwọn abala tó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ sí àyẹ̀wò àti ètò ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ láìmúṣẹ. Nítorí náà, àwọn òbí kò gbójú lé olórin dípò òfin. Òfin ni wọ́n kọ́kọ́ tọ̀ lọ, òfin náà ló sì já wọn kulẹ̀. Bí ẹnìkan bá fẹ́ bi Duffy pé kí ló ń wá níbẹ̀, ilé aṣòfin Dublin ni kó ti kọ́kọ́ béèrè.